Ta ni yóò san owó ìtọ́jú ọmọ lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀?

Ìbéèrè: Àsàlámù aleekum, Àlùfáà. Àjàṣẹ́ níbí ni mo ń gbé, gààrí ni mo ń tà lọ́jà Wàńdó. Ó di ọdún méjì tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti kọ ara wa. Ọ̀dọ̀ mi ni àwọn ọmọ wà. Lóṣù tó kọjá, èyí ọmọ ọdún méje já bọ́ lórí igi máńgòrò, apá rẹ̀ kán. Asíráǹsì ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀ san díẹ̀, ó ku 46,000 sẹ́fà. Mo yáwó san án. Bàbá rẹ̀ ní ká pín in sí méjì, pé àwa méjèèjì la jọ bí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀sìn wí?

Ìdáhùn: Wa aleekumu salaam, arábìnrin wa. Ọlọ́hun yóò fún ọmọ náà lálàáfíà.

Ẹ̀sìn kò pín in sí méjì. Ọrùn bàbá ni gbogbo rẹ̀ wà.

Nínú Súrátù Bakara, aaya 233, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ̀rọ̀ ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn, Ó gbé jíjẹ àti aṣọ ka bàbá lórí. Ẹ wá wo bí Ó ṣe pè é: kò pè é ní bàbá, “ẹni tí wọ́n bímọ fún” ni Ó pè é. Òótọ́ ni pé ẹ jọ bí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, orúkọ ta ni wọ́n so mọ́ ti ọmọ? Ẹni tó jẹ orúkọ ló ni ìnáwó. Lójú Màlíkì, ìlànà òfin ẹ̀sìn tí à ń tọ̀ nílẹ̀ wa, ẹrù yìí kò kúrò lọ́rùn bàbá títí ọmọkùnrin yóò fi bàlágà tí yóò lè ṣiṣẹ́, tí ọmọbìnrin yóò fi wọ ilé ọkọ.

Ẹnìkan lè ní oògùn kọ́ ni oúnjẹ. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ àtijọ́ kò ka oògùn mọ́ ìnáwó ìyàwó, ẹnìkan sì lè fi ìyẹn díwọ̀n ti ọmọ. Ewé àti egbò ni nígbà náà, kì í ṣe fọ́tò eegun àti símẹ́ǹtì ẹ̀fun tí wọ́n fi ń di apá. Àwọn onímọ̀ òde òní kà á mọ́ ọn, ọ̀dọ̀ wọn lèmi náà wà: ta ni yóò bọ́ ọmọ yó, tí yóò wá fi apá rẹ̀ sílẹ̀ ní kíkán?

Ní ti owó tí ẹ yá: bí bàbá bá ní lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, tí ẹ sì náwó ọ̀hún pẹ̀lú èrò pé ẹ ó gbà á padà, gbèsè ni lọ́rùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fi ta ọmọ lọ́rẹ ni, ẹ má béèrè mọ́. Láádá yín wà níbẹ̀, bí Ànọ́bì wa ṣe sọ fún ìyàwó rẹ̀, Ummu Salama, nígbà tó bi í léèrè nípa ìnáwó lórí àwọn ọmọ tó bí fún Abu Salama, ọkọ rẹ̀ àtijọ́ tó ti kú. Bí bàbá kò bá ní rárá ńkọ́? Súrátù Talaki, aaya 7, ní Ọlọ́hun kì í bèèrè ju ohun tí Ó fún èèyàn lọ.

Òfin ẹbí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 2004 gbé ìtọ́jú ọmọ lé bàbá àti ìyá lórí. Bóyá ibẹ̀ ni ọkọ yín àná ti rí “ká pín in”. Kò sì sí ohun tó burú bí ẹ̀yin méjèèjì bá fẹ́nu kò, tí ẹ sì gbà á tọkàntọkàn. Kò gbọdọ̀ fi ipá mú yín ni mo wí.

Mo ti rí ìyá tó gbé ọmọ tó ní ọ̀fìnkìn lọ sí kíliníkì olówó gọbọi kí bàbá lè jẹ̀ka àbámọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìtọ́jú, ẹ̀san ni. Ọ̀rọ̀ tiyín kò jọ ọ́, apá kíkán kì í dúró de ìpàdé.

Ẹ kó ìwé famasí àti ti ilé ìwòsàn jọ, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Bí kò bá dáhùn, ẹ kó wọn wá sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, kí ẹ mú àgbà kan látinú ẹbí yín dání. Èmi yóò pe àgbà ti ẹbí tirẹ̀.