Èsì: Ọpọ́n Ifá tó wà ní Jámánì, àti tiwa ní Ìjẹ̀bú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá òótọ́ ni pé ọpọ́n Ifá tó pẹ́ jù tí a mọ̀ wà lókè òkun, àti pé kí ni tiwa ní Ìjẹ̀bú. Òótọ́ ni o. Ìlú Ulm ní Jámánì ló wà. Allada, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ni wọ́n ti gbé e lọ. Nígbà tó fi máa di 1659, Christoph Weickmann, oníṣòwò ará Ulm tó ń kó nǹkan ilẹ̀ òkèèrè jọ, ti kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ ẹrù rẹ̀.

Tiwa? Ìtàgbé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, aṣọ èjìká àwọn Òṣùgbó, ìyẹn ẹgbẹ́ Ògbóni ní Ìjẹ̀bú. Ìyá àgbà mi hun ún ní Ìjẹ̀bú-Òde, lórí òfì tí wọ́n gbé nàró. Tí ẹ bá fọwọ́ pa á, ẹ ó rí òwú tó yọ jáde bíi ṣàkì màlúù. Ṣàkì náà ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nì àti ọ̀pọ̀lọ́ wà lára rẹ̀, wọn ò yà wọ́n sí i, inú híhun ni wọ́n ti jáde. Títí di òní, ó ń yà mí lẹ́nu.

Edan náà wà, ère idẹ àwọn Òṣùgbó, akọ àti abo tí ẹ̀wọ̀n so pọ̀ lórí. Ìda ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yọ́ ìda dànù, kí wọ́n tó da idẹ gbígbóná sí i. Amọ̀ yẹn ni wọ́n ń fọ́ kí ère náà tó jáde, nítorí náà kò lè ní èkejì.

Tí ẹ bá wá sílé, aṣọ ìyá àgbà ṣì wà nínú àpótí. Ẹ ó fọwọ́ kàn án.