Kí ló ń mú kí ọkọ̀ ojú omi onígbòkun máa gbọ̀n, kó sì máa pariwo, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá wọ jíà?

Tó bá jẹ́ ìgbà tó wọ jíà nìkan ló ń gbọ̀n, élíìsì (abẹ̀bẹ̀ abẹ́ omi tó ń ti ọkọ̀ lọ) tàbí ṣáàfùtù (irin gígùn tó so élíìsì mọ́ jíà) ló níṣòro. Tó bá ń gbọ̀n bákan náà láìwọ jíà, ẹ́ńjìnnì tàbí rọ́bà ìjókòó rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fura sí ni òjúoró àti okùn àwọ̀n. Okùn ọ̀rá tó wé mọ́ ṣáàfùtù lè yọ́ nítorí ooru, kó wá dì gbagidi bí oje igi. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọ omi. Kí ẹni tó wọ omi fọwọ́ tọ etí abẹ̀bẹ̀ élíìsì náà lọ́kọ̀ọ̀kan: igi àkájà (igi tí àwọn apẹja rì mọ́ inú ọ̀sà) tí ọkọ̀ gbá lè ti tẹ ọ̀kan, ìyẹn nìkan sì tó láti mú ọkọ̀ gbọ̀n. Kí ó di ṣáàfùtù mú, kó mì ín sókè sódò. Tó bá ń dún kọ̀, kọ̀, rọ́bà bẹ́ríǹ rẹ̀, ìyẹn rọ́bà tí ṣáàfùtù ń yí nínú rẹ̀, ti jẹ.

Tí gbogbo èyí bá dára, ẹ tú bóòtù ibi tí ṣáàfùtù ti so mọ́ jíà, kí ẹ wọn àlàfo rẹ̀ yíká. Bí irin ìsopọ̀ náà bá fẹ̀ tó 10 cm, ìyàtọ̀ àárín ibi tí àlàfo ti fẹ̀ jù àti ibi tó ti há jù kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi 0.1 mm lọ. Orí omi ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, torí ara ọkọ̀ máa ń yí padà díẹ̀ tó bá wà lórí ilẹ̀.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìgbòkun lẹ ń lò, tí ẹ́ńjìnnì ti kú, tí ẹ sì ń gbọ́ hùn-ùn, omi ló sábà máa ń yí élíìsì. Kì í ṣe àbùkù.