Ẹ wọ́ ọ o, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀

Òkun o, àbúrò mi tó bèèrè láti Ìsánlú. O ní oyún rẹ ti pé oṣù méje, ìyá ọkọ rẹ sì máa ń fi òrí wọ́ ọ lẹ́sẹ̀ àti lẹ́yìn lálaalẹ́. O ní ara ń tù ọ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti dẹ́rù bà ọ́ pé wíwọ́ra máa ń ba oyún jẹ́. O tún fẹ́ mọ̀ bóyá kí o gbà kí wọ́n máa wọ́ ọmọ náà tó bá dé. Jẹ́ kí wọ́n máa wọ́ ọ, kí wọ́n sì wọ́ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí wọ́n wọ́ fún èmi ló fẹ́ẹ̀ gbẹ̀mí mi, nítorí náà fara balẹ̀ ka èyí tán.

Kàbbà ni mo wà nígbà oyún àkọ́bí mi. Ẹsẹ̀ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ọ̀tún ò wú. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun le gbandi, ó gbóná ju ibi tó kù lára mi lọ, tí mo bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, á dùn mí dé itan. Ìyá àgbà kan wà nínú ọgbà wa tó fẹ́ràn mi bí ọmọ inú rẹ̀. Wọ́n ní òtútù ilẹ̀ ló wọ̀ mí lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbé omi kaná, wọ́n fi aṣọ ìnura gbígbóná tẹ̀ ẹ́, wọ́n bu òrí, wọ́n wá ń fún ẹsẹ̀ náà láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sókè bí ẹni ń fún aṣọ. Alẹ́ méjì ni wọ́n fi ṣe é. Lálẹ́ kẹta, mo dìde láti lọ tọ̀, èémí ò délẹ̀ mọ́, àyà ń gún mi. Ọkọ mi gbé mi lọ sí ọsibítù lóru yẹn.

Dókítà mú okùn ìwọ̀n bíi ti télọ̀, ó wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, òsì tóbi ju ọ̀tún lọ dáadáa. Àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan ńlá ẹsẹ̀ òsì mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ aláboyún máa ń tètè dì ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí ara ń múra sílẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya jù lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Ilé ọmọ tó ń tóbi náà á tún máa tẹ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ló sì pọ̀ jù. Bí èèyàn bá wá ń fún irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, ègé ẹ̀jẹ̀ dídì lè já, kó gbára lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà yẹn. Ojoojúmọ́ ni mo ń gba abẹ́rẹ́ síkùn kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì mọ́, títí mo fi bí, mo tún gbà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ.

Nítorí náà, kí ìyá ọkọ rẹ tó bu òrí, kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí méjèèjì bá wú díẹ̀ lọ́wọ́ alẹ́, tó sì fà nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a máa ń rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá wú ju èkejì lọ, tó gbóná tàbí tó ń dùn ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ọsibítù ló kàn. Bó bá ṣe ojú àti ọwọ́ rẹ ló wú, tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ ń ṣú, ẹ̀jẹ̀ ríru oyún lè ni, ìyẹn náà kì í dúró de ọ̀la.

Ikùn ńkọ́? Ẹ má wọ́ ikùn. Mo mọ̀ pé láti Kàbbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, a ní àwọn ìyá tó ń fọwọ́ yí ọmọ inú padà tí wọ́n bá ní kò dorí kodò. Inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n olóbì lè ṣí kúrò lára ilé ọmọ, kí ẹ̀jẹ̀ máa ya nínú láìsí ẹni tó rí i. Àwọn dókítà náà máa ń yí ọmọ, àmọ́ wọ́n á ti fi ẹ̀rọ wo inú, yàrá iṣẹ́ abẹ á sì wà nítòsí.

Ibi tó kù dára púpọ̀. Fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, ki ìrọ̀rí tàbí ìró tí o ká sáàárín orúnkún. Má dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ẹ̀yìn, nítorí oyún tó ti tóbi á tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn ikùn. Kí wọ́n wọ́ èjìká, ẹ̀yìn, ìbàdí. Nígbà oyún kejì, alẹ́ tí wọ́n bá wọ́ mi bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń sùn dáadáa. Lọ́jọ́ tí mo rọbí, àtẹ́lẹwọ́ ọkọ mi tó ń tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi gírígírí nígbàkígbà tí ìrora bá dé, kò sí ohun tó ràn mí lọ́wọ́ tó o. Kọ́ ọkọ rẹ láti ìsinsìnyí.

Ní ti ọmọ, àkọ́bí mi kò pé oṣù kó tó dé, ó kéré, ọwọ́ kan ló gbà á. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ní kí n gbé e sí àyà mi níhòòhò. Nígbà tó ti lágbára díẹ̀, ó kọ́ mi bí a ṣe ń wọ́ ọ. Ó sọ fún mi pé ní 1986, olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Tiffany Field àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wọ́ àwọn ọmọ tí kò pé oṣù ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìgbà mẹ́ta lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ìwúwo tí wọ́n ń fi kún un lójúmọ́ ju ti àwọn tí a kò wọ́ lọ ní 47 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú àwọn yẹn kúrò ní ọsibítù. Èmi ò ní ìwọ̀n nílé, ṣùgbọ́n mo rí i bí ọrùn rẹ̀ ṣe ń kún.

Ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jù máa ń rin ọmọ ni, á sì máa ta pọ́ún-pọ́ún. Bí a ṣe ń tẹ tòmátì lọ́jà ká lè mọ̀ bó ti rọ̀, láìfọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe tẹ̀ ẹ́. Fi àdín tàbí òrí ra àtẹ́lẹwọ́ rẹ títí tí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá dí i nínú, yí ọwọ́ lórí ikùn rẹ̀ bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, bó bá ti já ìwọ́. Má ṣe é lẹ́yìn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú. Bó bá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí tó ń sunkún, fi í sílẹ̀, ó ti tó.

Èyí tí n kò gbà rárá ni kí wọ́n máa jù ú sókè, kí wọ́n fi omi gbígbóná jó ìwọ́, kí wọ́n fún ọmú ọmọ pé wàrà wà nínú rẹ̀, kí wọ́n tẹ àwùjẹ̀ kí orí lè rí rogodo. Ọmú tí wọ́n fún lè kẹ̀, ó sì lè di pé kí dókítà fi abẹ la ojú ibẹ̀. Bí wọ́n bá ní àṣà wa ni, sọ fún wọn tìfẹ́tìfẹ́ pé òrí náà àṣà wa ni, ìyẹn lo gbà.

Ìyá inú ọgbà wa yẹn sunkún nígbà tí mo ṣàlàyé fún wọn. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń wọ́ aláboyún, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ ní kó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú wọn, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀kan, wọ́n á kan èkejì.