Ẹ Bi Wá: Ṣé Ọmọ Jagunjagun Ilẹ̀ Pọtogí Ni Wá Lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àgùdà ni wá, ilé bàbá wa ò jìnnà sí Campos Square lÉkòó, Pereira lorúkọ wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ló pàdé àwọn kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ni kí àwọn máa tọpa ìran, wọ́n wá fi ìwé ránṣẹ́ pé akọni jagunjagun kan nílẹ̀ Pọtogí láyé ijọ́un, lọ́dún 1385, òun ni baba ńlá wa, pé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni ìran wa ti ṣí lọ sí Bùràsíìlì kó tó dé Èkó. Wọ́n ní ká san owó dọ́là kí wọ́n lè ṣe sátífíkéètì tó ní àmì ìdílé fún wa, tí a máa gbé kọ́ sí pálọ̀. Àwọn kan nínú ẹbí ti ń dáwó. Àbúrò bàbá mi ní òun ò ní dá kọ́bọ̀, pé ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí ni ìyá àwọn máa ń ki àwọn ní kékeré, ìgbà wo ni Ìkòyí wá di Pọtogí? Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká gbà, báwo la sì ṣe máa wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí? Ọmọ Àgùdà, Erékùṣù Èkó.

ÌDÁHÙN: Ẹ má san owó yẹn o. Àwọn tó ti dá tiwọn, kí wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o jọ. Àbúrò bàbá yín ló ń sọ̀rọ̀ tó yẹ kí gbogbo ẹbí gbọ́, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa kó má di ìjà.

Ọkùnrin tí wọ́n ń sọ yẹn kì í ṣe àròsọ o. Nuno Álvares Pereira lorúkọ ẹ̀, 1360 ni wọ́n bí i, òun ló ṣáájú ogun fún Ọba João Kìíní nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun àwọn ará Castile ní Aljubarrota ní 1385. Ọmọbìnrin ẹ̀ ló fẹ́ ọmọ ọba yẹn, ibẹ̀ ni ìdílé Bragança ti ṣẹ̀ wá, àwọn tó padà jọba Pọ́túgàl láti 1640, tí àwọn ọmọ wọn sì jọba ní Bùràsíìlì títí wọ́n fi lé wọn kúrò lórí oyè ní 1889. Nígbà tó dàgbà ó kó gbogbo ọrọ̀ sílẹ̀, ó lọ ń gbé pẹ̀lú àwọn mọ́ńkì, ó kú ní 1431, Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún sì kéde ẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní 2009. Torí náà mo mọ ìdí tó fi dùn mọ́ àwọn kan nínú ẹbí yín, ẹbí Kátólíìkì bíi tiyín, kí wọ́n ní ẹni mímọ́ ni baba ńlá yín, ta ni inú ẹ̀ ò ní dùn.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń kọ ìran sílẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Àwọn tó ní ilẹ̀ àti oyè nìkan ni wọ́n ń kọ. Ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Pedro, tó joyè Kọ́ńtì Barcelos, ló kó ìwé ìran àwọn ìdílé ńlá ibẹ̀ jọ ní àwọn ọdún 1340, ẹni tí kò bá sí nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ó ti di ẹni tí a ò mọ̀ nìyẹn. Ìgbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó pàdé ní Trent pàṣẹ ní 1563 pé kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí wọ́n á máa kọ ìrìbọmi àti ìgbéyàwó sí ni mẹ̀kúnnù tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí orúkọ ara ẹ̀ káàkiri nínú ìwé. Tó bá wá jẹ́ Lisbon, ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀ ní November 1, 1755, iná tó tẹ̀lé e sì jó púpọ̀ nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ìlú yẹn. Pereira sì pọ̀ lọ́dọ̀ wọn bí Adéyẹmí ṣe pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Pọtogí gidi tó ń jẹ́ Pereira lónìí tí kì í ṣe ọmọ olóyè, ó máa ṣòro fún un kó tó lè fa ìlà kan ṣoṣo láti ara ẹ̀ dé 1385, ká má tíì sọ ti ẹni tó wà ní Bamgbose Street.

Kódà àwọn tí akọ̀wé ń tẹ̀ lé kiri, ìwé wọn ò pé. Ní 2012 wọ́n hú egungun Ọba Richard Kẹta jáde ní Leicester ní Ìlú Ọba, ọba tó kú sójú ogun ní 1485. Wọ́n wá tọpa ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, láti ìyá sí ọmọbìnrin, sí ọmọbìnrin, títí wọ́n fi kan ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Kánádà tó ń fi igi ṣe àga àti tábìlì ní London, DNA tó ti apá ìyá wá sì bára mu. Ó dùn mọ́ mi nígbà tí mo kà á. Wọ́n tún wá àwọn ọkùnrin tí ìwé sọ pé ìran bàbá kan náà ni àwọn àti ọba yẹn, wọ́n yẹ tiwọn wò, kò bára mu rárá. 2014 ni èsì yẹn jáde. Níbì kan láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ẹni tí ìwé pè ní bàbá kọ́ ni bàbá, ìdílé ọba sì nìyẹn o.

Tiyín wá yàtọ̀ sí gbogbo ìyẹn. Ní Bàhíà, ní Bùràsíìlì níbi tí wọ́n ti kó baba ńlá ọ̀pọ̀ Àgùdà ṣe ẹrú, tí wọ́n bá ti kó ẹrú dé wọ́n á rì í bọmi, wọ́n á fún un ní João tàbí Maria, ọjọ́ tó bá ra ara ẹ̀ padà tàbí tí wọ́n dá a sílẹ̀ ló máa ń mú orúkọ ìdílé, orúkọ ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn mú, àwọn míì mú orúkọ ti ìsìn bíi dos Santos àti da Conceição. Nítorí náà ohun tí Pereira ń sọ fún yín kò ju pé ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ra baba ńlá yín máa jẹ́ Pereira. Kò sọ ẹni tó bí i. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ Pọtogí wà nínú yín lóòótọ́, torí ohun tí àwọn ọ̀gá fi ojú àwọn obìnrin wa rí nínú ilé wọn lọ́hùn-ún, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ṣé nǹkan tí èèyàn máa fi férémù sí ni ìyẹn? Ó dùn mí pé ẹnì kan máa jókòó síbì kan kó máa ta orúkọ ẹni tó ra èèyàn padà fún àwọn ọmọ ẹni tí wọ́n rà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bí ẹ ṣe máa ṣe é. Èkó ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa rìn padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ẹ má fò. Ìwé ìrìbọmi ní Holy Cross, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Kátólíìkì l'Ékòó, ẹ lọ bá sẹ́kẹ́tírì níbẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ẹ mú orúkọ àti ọdún tí ẹ rò pé wọ́n bí ẹni náà dání, ẹ má lọ bá wọn ní “ẹ bá wa wá Pereira.” Ìwé ilẹ̀, torí lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861 wọ́n ń fún àwọn onílẹ̀ níwèé, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ilé yín lè wà níbẹ̀. Wíìlì àtijọ́, lọ́yà ẹbí lè bá yín béèrè ẹ̀ ní kóòtù. Ilé ìkówèésí ìjọba ní Ìbàdàn náà ní ìwé ìjọba àwọn Òyìnbó. Tí ẹ bá ń wá ibojì, mo bá yín kẹ́dùn, torí itẹ́ òkú Àjẹlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àgbà Èkó sùn sí, wọ́n wó o ní àwọn ọdún 1970, fọ́tò tí ẹlòmíì bá ti yà níbẹ̀ kó tó dìgbà náà ló kù.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan Bàhíà. Ní January 1835 àwọn Mùsùlùmí Yorùbá àtàwọn míì dìde sí àwọn ọ̀gá ní Salvador, ìjọba ṣẹ́gun wọn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fúngun mọ́ gbogbo aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira, àwọn kan wọ́n lé wọn, àwọn kan fẹsẹ̀ ara wọn kúrò, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń padà bọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ gba pásípọ́ọ̀tù, ìwé pásípọ́ọ̀tù yẹn ṣì wà ní Arquivo Público do Estado da Bahia, ìyẹn ilé ìkówèésí ìjọba Bàhíà, ní Salvador. Lóòótọ́, ní December 1890 mínísítà owó Bùràsíìlì, Rui Barbosa, pàṣẹ pé kí wọ́n sun ìwé ẹrú tó wà lọ́wọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ìwé ṣọ́ọ̀ṣì àti ìwé òmìnira tó wà lọ́dọ̀ àwọn nótárì ò bá a lọ, wẹ́ẹ̀bùsáìtì FamilySearch sì ti gbé púpọ̀ nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ kì í pọ̀: João Pereira, africano liberto, ìyẹn ará Áfíríkà tó ti gba òmìnira, nação nagô. Nagô yẹn ni àwa. Yorùbá ni. Kò ní sọ ìlú, kò ní sọ agboolé.

Ibẹ̀ gan-an ni oríkì àbúrò bàbá yín ti máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìwé. Ìkòyí tí wọ́n ń kì yẹn kì í ṣe Ìkòyí tó wà lẹ́bàá Ọ̀báléńdé o, Ìkòyí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, Ìkòyí-Ilé tó wà lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí. Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú ni wọ́n fi ń gbọfà. Jagunjagun tí wọ́n ń fẹ́ rà ní dọ́là, ìyá àgbà ti kì í fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ẹní! Ogun tó fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ní àwọn ọdún 1820 àti 1830 náà sì ni ogun tó kó àwọn èèyàn yẹn dé etí òkun, ọdún bá ọdún mu.

Nǹkan kan wà ṣá tí ẹ gbọ́dọ̀ bi wọ́n. Ṣé oríkì ilé ọkọ ni ìyá wọn ń ki àwọn ọmọ ni àbí oríkì ilé bàbá tiẹ̀? Ẹ mọ̀ pé obìnrin ilé wa lè fi oríkì tiẹ̀ rẹ ọmọ lẹ́kún, ọmọ á wá rò pé ti bàbá òun ni. Tó bá jẹ́ tìyá ni, ọmọ Ìkòyí ṣì ni yín lápá ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí Pereira ṣì wà níwájú tí ẹ máa wá. Ẹ bi wọ́n ní èèwọ̀ ilé, ohun tí wọn kì í jẹ, ẹ bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni kọ ilà nínú fọ́tò àtijọ́, irú ilà wo. Ẹ tẹ fóònù kó máa gba ohùn sílẹ̀, ibi tí wọ́n bá gbàgbé nínú oríkì ẹ má bá wọn dí i, ẹ jẹ́ kó ṣófo bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Sàró ni wọ́n pe bàbá tó bí ìyá mi, Freetown ni wọ́n ti wá, orúkọ òyìnbó ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ṣé ibì kan wà tí mo ti lè rí ìlú tí wọ́n ti wá gan-an? Ìyá Ìbejì, Èbúté Mẹ́ta.

ÌDÁHÙN: Wọ́n kúkú kọ nǹkan púpọ̀ sílẹ̀ nípa ti Sàró, ju ti Àgùdà lọ. Láti 1808 tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá ti gba ẹrú lójú omi tó kó wọn dé Freetown, wọ́n máa ń kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: orúkọ, ọjọ́ orí tí wọ́n fojú bù, bó ṣe ga tó, ilà àti àpá tó wà lára ẹ̀. Ìwé yẹn ṣì wà ní Freetown àti ní ilé ìkówèésí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, ní London. Orúkọ tó lé ní 91,000 sì ti wà lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì SlaveVoyages, láti Freetown àti Havana ní Kúbà. Orúkọ ilé ni wọ́n kọ, kì í ṣe orúkọ òyìnbó, ṣùgbọ́n òyìnbó ló gbọ́ ọ tó sì kọ ọ́ bó ṣe dún létí ẹ̀, torí náà ẹ má wulẹ̀ wo sípẹ́lì, ẹ kà á sókè ketekete, ẹ ó rí i pé Yorùbá ló ń jáde.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìgbà tí wọ́n rì wọ́n bọmi ni orúkọ yí padà. Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Òṣogùn ni wọ́n ti kó o ní 1821, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú omi ní 1822, wọ́n rì í bọmi ní 1825, orúkọ àlùfáà kan ní Ìlú Ọba ni wọ́n fún un. Ní 1846 ó bá ìyá ẹ̀ pàdé l'Abẹ́òkúta lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mi ò kì í lè ka ibẹ̀ kí omi má bọ́ lójú mi. Bàbá Herbert Macaulay náà, tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, Thomas Babington Macaulay ló ń jẹ́, orúkọ òyìnbó kan ní Ìlú Ọba látòkè délẹ̀. Torí náà ìwé ìrìbọmi tàbí ìwé ìgbéyàwó tó bá kọ orúkọ méjèèjì pọ̀, ti ilé àti ti òyìnbó, òun ni kí ẹ máa wá lójú méjèèjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú àpótí ìyá yín.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé kí n fi itọ́ bàbá mi ránṣẹ́ fún DNA? Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọmọ Yaba.

ÌDÁHÙN: Tí wọ́n bá gbà tọkàntọkàn, bẹ́ẹ̀ ni, àgbà ló dára jù torí òun ló súnmọ́ àwọn tó ti lọ. Ẹ má retí pé ó máa sọ ìlú yín. Máàpù pẹ̀lú pásẹ́ńtì ni wọ́n máa fi ránṣẹ́, èyí tó wúlò ni àwọn ìbátan tó máa gbé jáde, tí ẹnì kan ní Salvador bá ti hàn pé ó bá bàbá yín tan, ẹ kọ̀wé sí i. Tó bá jẹ́ ìlà bàbá nìkan lẹ fẹ́, ọkùnrin ló gbọ́dọ̀ ṣe irú àyẹ̀wò yẹn.

Ẹ jẹ́ kí ẹbí mọ̀ ṣáájú, torí ó lè hú àṣírí síta tí ẹnì kan ti bò láti bí ogójì ọdún. Ẹ tún rántí pé ní 2023 àwọn olè kó ìsọfúnni èèyàn bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ 23andMe, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí, ilé iṣẹ́ náà sì lọ sí kóòtù ní March 2025 pé gbèsè wọ òun lọ́rùn. Torí náà ẹ lo páásíwọ̀ọ̀dù tí ẹ ò lò níbòmíì, tí ẹ bá sì ti gba èsì tán ẹ sọ fún wọn kí wọ́n da itọ́ yẹn nù. Kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jókòó ti bàbá kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀.