Ṣé èrè wà nínú kí wọ́n fi iná oòrùn ṣe green methanol (epo olómi tí wọ́n ń fi háídírójìn àti CO2 ṣe) ní Èkìtì?

Ó ṣeé ṣe o, àmọ́ ní báyìí, èrè ibẹ̀ ò dá mi lójú.

Owó iná ló wà nídìí ẹ̀. Tọ́ọ̀nù kan methanol ń fẹ́ nǹkan bíi 190 kìlógíráàmù háídírójìn àti CO2 (gáàsì tí à ń mí síta) tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 1.4. Kí wọ́n tó fi iná yọ háídírójìn yẹn lára omi, á ti jẹ iná tó 10,000 kWh (yúnìtì iná). Tí kWh kan bá jẹ́ $0.05, $500 ti bá iná lọ nìyẹn, a ò tíì ra ẹ̀rọ. Owó tí wọ́n fi ń ṣe methanol tó wá láti ara gáàsì abẹ́ ilẹ̀ kì í sábà tó bẹ́ẹ̀.

Oòrùn náà kì í ràn lóru. Ẹ̀rọ olówó gọbọi á jókòó lásán láti ìrọ̀lẹ́ dòwúrọ̀, èlé owó tí wọ́n fi rà á ò sì ní sùn. Nígbà tí Iceland ṣe methanol tiwọn, iná tó ń wá láti ara ooru inú ilẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n lò, ìyẹn kì í sì í dáwọ́ dúró lóru. (Ẹ jẹ́ kí omi Ìkógòsì máa wẹ àwọn àlejò, ooru rẹ̀ ò tó irú iṣẹ́ yìí.)

Ibi tí Èkìtì ti lè rí nǹkan mú ni ẹ̀gẹ́. Tí wọ́n bá ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe ethanol (ọtí tí wọ́n lè fi ṣe epo), gáàsì tó ń hó jáde nígbà tó bá ń kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ CO2 pọ́ńbélé, owó kékeré ni wọ́n á fi gbà á. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òkun tó ń fi methanol ṣe epo ni oníbàárà ńlá, Adó sì jìnnà sétí òkun: ẹ fi owó táńkà kún un.