Delhi sí Tokyo: ṣé àlọ ló gùn ni àbí àbọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo ń wo tíkẹ́ẹ̀tì bàálù Delhi sí Tokyo lórí fóònù mi. Wọ́n ní bàálù á gbéra ní Delhi láago mẹ́jọ alẹ́, á balẹ̀ ní Tokyo láago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ti àbọ̀, aago mọ́kànlá àárọ̀ ló ń gbéra, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló ti dé. Wákàtí mọ́kànlá ní àlọ, mẹ́fà péré ní àbọ̀, báwo ló ṣe jẹ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun o. Aago ló ń fi yín ṣeré. Aago ìlú tí bàálù bá wà ni wọ́n máa ń kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì, ti Tokyo sì fi wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ṣíwájú ti Delhi (bẹ́ẹ̀ ni, àtààbọ̀ yẹn, bí Íńdíà ṣe fẹ́ aago tiwọn nìyẹn). Tẹ́ ẹ bá balẹ̀ ní Tokyo láago méje àárọ̀, aago mẹ́ta ààbọ̀ òru ló ṣì ń lù ní Delhi, ẹ wá kà á láti aago mẹ́jọ alẹ́, wákàtí méje ààbọ̀ ni. Àbọ̀ ńkọ́? Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Delhi, aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ ni ní Tokyo, láti mọ́kànlá àárọ̀ síbẹ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́sàn-án ààbọ̀. Àbí ẹ ò rí nǹkan, èyí tẹ́ ẹ pè ní kúkúrú gan-an ló gùn jù!

Ẹ lè ní kí ló wá fa wákàtí méjì tó lé yẹn nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bíi kìlómítà 5,850 náà ni lójú òfurufú. Atẹ́gùn ni. Níbi táwọn bàálù ńlá ń gbà, bíi kìlómítà 10 sí 12 sókè, atẹ́gùn líle kan wà tí wọ́n ń pè ní jet stream, ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ lọ sí ìlà-oòrùn, tó bá dìgbà òtútù lókè Japan ó lè ju kìlómítà 300 lọ ní wákàtí kan. Ará Japan kan, Wasaburo Oishi, ti fi bàlúùnù wọ̀n ọ́n, ó sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 1926, àmọ́ èdè Esperanto, èdè àtọwọ́dá kan tí èèyàn díẹ̀ ló gbọ́, ló fi kọ ọ́, mélòó ló fẹ́ kà á! Ìlà-oòrùn Delhi ni Tokyo wà, torí náà ká ní bàálù tó ń lọ ń sá kìlómítà 900 ní wákàtí kan, tí atẹ́gùn 100 ń tì í lẹ́yìn, ó di 1,000, tó bá ń padà bọ̀ tó kọjú sí i, 800 ló kù. Tó bá dìgbà ooru, atẹ́gùn yẹn máa ń rọlẹ̀ díẹ̀, àlọ àtàbọ̀ á wá sún mọ́ra.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ iye wákàtí ìrìn àjò sí, ẹ má fi aago ìgbéra àti ìbalẹ̀ yọ ara wọn. Ẹ sì wò ó bóyá pápákọ̀ òfurufú Haneda ni àbí ti Narita ni bàálù máa balẹ̀ sí, torí Narita fi nǹkan bíi kìlómítà 60 jìnnà sí àárín Tokyo, Haneda ló sún mọ́ ìgboro.