Ìbọn Bàbá Àgbà Ṣeé Jogún, Ìwé Àṣẹ Rẹ̀ Kò Ṣeé Jogún

Ìbéèrè: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá bàbá mi fi ìbọn méjì sílẹ̀ nínú yàrá wọn nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọ̀kan jẹ́ ẹlẹ́nu méjì, èkejì jẹ́ ṣakabùlà tó ti dípẹtà. Ìwé àṣẹ tí ìjọba fún wọn ṣì wà nínú àpótí. Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù ní kí n wá ṣe àfidáfítì pé èmi ni àrólé, pé bí ìbọn ṣe di tèmi nìyẹn. Mo fẹ́ gbé wọn lọ fún alágbẹ̀dẹ kan ní Múṣin kó tún wọn ṣe, kí n wá gbé wọn kọ́ sí pálọ̀ mi ní Èbúté Mẹ́ta. Ohun kejì: nígbà tí a wà ní kékeré, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ra ìbọn atẹ́gùn fún wa bọ̀ láti London. Alángbá orí fẹ́ǹsì la fi ń pa, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá rántí. Mo fẹ́ ra irú ẹ̀ fún ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 12. Èló ni gbogbo ìwé rẹ̀ máa ná mi?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe àfidáfítì yẹn. Tí ẹ bá ti ṣe é, ẹ mú un lọ fún agbẹjọ́rò yín kí ẹ tó fi han ẹnikẹ́ni.

Owó lẹ béèrè, ṣùgbọ́n owó kọ́ ló kàn. Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ jù lórí tábìlì mi, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ onílé àtijọ́ tó ń palẹ̀ ẹrù òbí wọn mọ́ nítorí pé wọ́n fẹ́ wó ilé kọ́ tuntun. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àfidáfítì yìí: lẹ́nu àwọn tó ń jókòó sábẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà kóòtù, tí wọn kò ka òfin ìbọn rí, tí wọ́n ń gba owó ọmọlọ́mọ láti fi tì í sẹ́wọ̀n. Màá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí òun gan-an ló léwu jù nínú lẹ́tà yín.

Àfidáfítì jẹ́ ìwé tí èèyàn fi búra pé òótọ́ ni ohun tí òun kọ. Òṣìṣẹ́ kóòtù tó lu òǹtẹ̀ sí i kò sọ pé òótọ́ ni. Ohun tó jẹ́rìí sí ni pé ẹ wá síwájú òun, ẹ sì búra. Kò lè fún ẹnikẹ́ni láṣẹ ìbọn. Ṣé ẹ rí Firearms Act, òfin ìbọn ilẹ̀ wa tó ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1959, ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì sọ ibi tí àṣẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan ti gbọ́dọ̀ wá. Àwọn tí wọ́n kà léèwọ̀, bí ìbọn ológun, ìbọn ìléwọ́ àti ìbọn tó ń gbé ọta sẹ́nu fúnra rẹ̀, Ààrẹ nìkan ló lè fàyè gbà á. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì bíi ti bàbá àgbà yín wà ní apá kejì, ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni àṣẹ rẹ̀ ti ń wá. Ṣakabùlà àti àwọn ìbọn gígùn mìíràn tí wọ́n ń ti ẹnu ki ẹ̀tù sí wà ní apá kẹta, òfin ìpínlẹ̀ ló sì là á sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gba tirẹ̀. Kò sí ibi tí òfin yìí ti dárúkọ àfidáfítì gẹ́gẹ́ bí àṣẹ.

Ẹ wá wo ohun tí ọkùnrin yẹn fẹ́ kí ẹ kọ. Pé ìbọn méjì wà lọ́wọ́ yín. Pé bàbá àgbà yín ló ni wọ́n. Pé wọ́n ti kú. Pé láti ìgbà náà, ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú wọn. Ìjẹ́wọ́ ni gbogbo rẹ̀! Ẹ ti fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́, ẹ ti búra sí i, pé ìbọn wà ní ìkáwọ́ yín láìsí àṣẹ kankan lórúkọ yín. Tí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú adájọ́, agbẹjọ́rò ìjọba kò ní láti wá ẹlẹ́rìí lọ síbì kan, ìwé yín ti jẹ́rìí tán. Òfin tó dá lé olè jíjà àti ohun ìjà sì sọ ọ́ ní gbangba: ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìbá Firearms Act mu, owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦20,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹ má wo ₦20,000 yẹn kí ẹ ní ó kéré. Adájọ́ ló ń yàn, ẹ̀yin kọ́.

Ẹ máa wí pé, "Ṣùgbọ́n ogún wa ni." Bẹ́ẹ̀ ni, ogún yín ni. Ìbọn jẹ́ dúkìá, bàbá lè kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún. Tí wọn kò bá kọ ìwé kankan, ẹbí lè pín in pẹ̀lú ẹrù yòókù, ìbáà ṣe ìdí-igi lẹ fi pín in, ìbáà ṣe orí-ò-jorí. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogún ní kóòtù gíga pàápàá lè fún yín ní ìwé láti ṣàkóso dúkìá olóògbé. Gbogbo ìyẹn ń sọ ẹni tó ni nǹkan. Kò sọ pé ẹni náà lè gbé e sílé. Kí wọ́n tó fún bàbá láṣẹ, bàbá fúnra wọn ni wọ́n wò. Òfin ní kí wọ́n má fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 tó ṣáájú. Ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ ẹ̀yin wò. Ìwé ìwakọ̀ bàbá kì í sọ ọmọ di awakọ̀, bó ti wù kí mọ́tò náà jẹ́ ti ìdílé tó. Ọjọ́ tí bàbá kú ni àṣẹ wọn kú. Ìwé inú àpótí yẹn wúlò o, ẹ má sọ ọ́ nù, nítorí ó jẹ́ ẹ̀rí pé kì í ṣe ìbọn olè ni ẹ bá nílé. Iṣẹ́ tí ó kù fún un láti ṣe nìyẹn.

Èyí tó tún ń dùn mí ni ti àwọn àgbà tó ṣì ń gbé inú ilé bẹ́ẹ̀. Òfin kò béèrè pé ta ló ni ìbọn nìkan. Ó ń béèrè ẹni tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà? Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n bàbá yín obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ ni, ìyá àgbàlagbà tí kò mọ nǹkan kan, àwọn ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ mú lọ tí ẹnì kan bá ta wọ́n lólobó. Ẹ sì mọ̀ pé ìjà ilé ẹbí kò wọ́n ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹni tí inú ń bí torí ìpín ogún kò ní wá òkúta tó ju ìyẹn lọ.

Ti ìpẹtà ńkọ́? Ẹ má gbára lé e. Ìtumọ̀ tí òfin fún ìbọn gba gbogbo ohun ìjà olójú ihò tó lè pani tí ọta lè ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó sì ka ẹ̀yà ara rẹ̀ mọ́ ọn. Agbẹjọ́rò lè jà á ní kóòtù pé irin lásán ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jà á ní kóòtù ti sun àtìmọ́lé ná. Ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ burú ju ìyẹn lọ: òfin kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni rọ ìbọn, kó tò ó pọ̀ tàbí kó tún un ṣe níbi tí ìjọba kò fọwọ́ sí. Ẹ fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ̀ kejì lé àkọ́kọ́, kí ẹ sì ti alágbẹ̀dẹ náà wọ̀ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe rèé. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Ẹ má fi aṣọ wé wọn gbé kọjá lórí Afárá Carter nínú dáńfó, nítorí kò sí àlàyé tí ẹ máa ṣe fún ọlọ́pàá tó bá yẹ̀ yín wò ní Ìddó tó máa wọ̀ ọ́ létí. Ẹ má fà á, ẹ má ki ọ̀pá bọ ẹnu ṣakabùlà láti wò ó bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé àwọn àgbà ki ẹ̀tù sílẹ̀ kí wọ́n tó kú, ẹ̀tù tí omi kò bá sì kàn lè jó lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ ti yàrá náà pa, kí ọmọdé kankan má wọ ibẹ̀. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù kí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí ẹbí. Ẹ má tà á, ẹ má jù ú sínú ọ̀sà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá agbẹjọ́rò kó kọ lẹ́tà sí DPO àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò ilé náà: pé nígbà tí ẹbí ń kó ẹrù olóògbé, wọ́n bá ìbọn méjì, ìwé àṣẹ àtijọ́ rèé, ìwé ẹ̀rí ikú rèé, kí wọ́n wá gbé wọn. Òun ni kó bá yín dúró lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá. Ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ irú ìbọn, nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ọjọ́ sí, kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n lọ. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹlẹ́nu méjì yẹn lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ̀wé béèrè àṣẹ lórúkọ ara yín, kí ó wà lọ́wọ́ ìjọba títí wọ́n á fi dáhùn. Wọ́n lè kọ̀. Ní ti ṣakabùlà, tó bá jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó bí ẹ ṣe ń rò, ẹ lè ní kí agbẹjọ́rò yín bi Musíọ́mù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Oníkan bóyá wọ́n nífẹ̀ẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Mi ò rí ìbọn yín, mi ò sì rí ìwé yín. Ohun tí mo kọ síbí kò lè dípò agbẹjọ́rò tó rí méjèèjì, nítorí náà ẹ má gbé e lọ sí tésàn bí ẹni pé èmi ni mò ń ṣojú yín.

Ó wá ku ìbọn atẹ́gùn. Mo mọ ìgbà tí ẹ ń sọ. Ní Èbúté Mẹ́ta, ní Yábàá, ní Súrùlérè, ọmọ tí wọ́n bá ra ìbọn atẹ́gùn Diana fún, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì, gbogbo àdúgbò ló máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Mi ò ní kí ẹ má rántí rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Ṣùgbọ́n inú apá kejì tí ìbọn ẹlẹ́nu méjì wà, ibẹ̀ gan-an ni òfin kọ ìbọn atẹ́gùn sí, ti gígùn àti ti ìléwọ́. Ìwé àṣẹ kan náà. Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá kan náà. Ọmọ ọdún 12 kò sì tó ẹni tí wọ́n lè fún. Ìdáhùn iye owó tí ẹ béèrè nìyẹn: kò sí iye tí ẹ máa san tó máa sọ ọ́ di ẹ̀tọ́.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti wá. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ka ohun kan sí ìbọn tó bá jẹ́ pé ohun tó ń bú gbàmù ló ń ti ọta jáde, nítorí náà ìbọn BB tó ń lo atẹ́gùn kò sí nínú rẹ̀, ó sì wà lórí àtẹ ní ṣọ́ọ̀bù lásán. Ní England, wọn kì í béèrè ìwé fún ìbọn atẹ́gùn gígùn tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Scotland ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè láti ìparí ọdún 2016. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín kò rú òfin ní London. Òfin tiwa ló yàtọ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù wa pàápàá kọ ìbọn atẹ́gùn ìléwọ́ sínú àkójọ ohun tí wọn kò gbà wọlé rárá, inú àkójọ kan náà tí owó ẹyọ wà. Ẹni tó ń tà á fún yín ní Ìdúmọ̀tà mọ ọ̀nà tó gbà wọlé.

Kì í sì í ṣe òfin nìkan. Ọta BB kékeré onírin, èyí tí ìbú rẹ̀ tó mìlímítà 4.5, lè fọ́ ojú. Àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń tà á ní gbangba, ní nǹkan bí èèyàn 4 ló ń kú lọ́dọọdún nípasẹ̀ ìbọn BB àti irú rẹ̀. Wọ́n sì ní kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ní èyí tí ọta rẹ̀ ń yára gan-an. Èyí tó jẹ́ ti oníke, tí àwọn ọmọ ń rà nígbà Iléyá àti Kérésì, tó bá jọ ìbọn gidi, ẹ má jẹ́ kó gbé e jáde lálẹ́. Ọlọ́pàá tó wà lójú títì kò ní dúró wo bóyá oníke ni.

Tí ìbọn atẹ́gùn tí ẹ fi ń pa alángbá bá ṣì wà níbì kan nínú ilé yín, ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí ní Èbúté Mẹ́ta, ẹ sọ fún agbẹjọ́rò kó kọ ọ́ mọ́ méjì yòókù nínú lẹ́tà náà.